Gòólù Kan Ṣoṣo Tí Mo Gbá Wọlé ní Yúróòpù

Ní Mowe tí mò ń gbé báyìí, bí ẹnì kan bá gbọ́ pé mo gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù rí, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í béèrè ọdún tí mo lò níbẹ̀. Wọn kì í béèrè bóyá òtútù mú mi. Onígbàjámọ̀ mi béèrè rẹ̀ nígbà tí abẹ wà létí mi. Bàbá onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún mi béèrè rẹ̀ kí a tó dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá: "Gòólù mélòó lẹ gbá wọlé?"

Mo máa ń dáhùn pé, "Ọ̀kan."

Ojú wọn á yí padà. Àwọn mìíràn á rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe mí. Mo máa ń ṣàlàyé pé dìfẹ́ńdà ni mí, pé iṣẹ́ tèmi ni kí àwọn ẹlòmíràn má rí gòólù gbá, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kì í wọ ẹnikẹ́ni létí. Tí wọ́n bá wá ní kí n sọ bí mo ṣe gbá ọ̀kan náà, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí mọ́. Ìtàn náà ló gùn, ìyá mi sì wà nínú rẹ̀. Ìtàn tí ìyá mi bá ti wà nínú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí ìdúró.

Ará Ifọ̀ ni bàbá mi. Ibẹ̀ ni ilé ẹbí wa wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí nígbà tí mo ṣì kéré. Ìyá mi dúró sí Ibafo, létí ọ̀nà márosẹ̀, ó ń ta sìmẹ́ńtì, ìṣó àti páànù. Bí àwọn ará Èkó ṣe ń wá kọ́lé sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ọjà rẹ̀ ń tà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè dá tírélà dúró. Ìyá Onísìmẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn, títí kan àwọn tó ń fi tírélà gbé ẹrù wá fún un.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lórí ilẹ̀ kan tí ẹni tó ni ín kò tíì rówó kọ́. Bíi ti gbogbo ọmọ, iwájú ni mo fẹ́ máa gbá. Kóòṣì wa jẹ́ olùkọ́ kan tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ifọ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Wò ó, ẹsẹ̀ rẹ yìí ò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó lágídí. Lọ sẹ́yìn."

Mo lọ sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ibẹ̀ gan-an ni àyè mi. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo ènìyàn. Kò sì sí adùn tó dà bíi kí ẹnì kan ti múra tán láti yọ̀, kí ó ti ya ẹnu sílẹ̀ láti kígbe, kí ìwọ kàn wá yọ bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o máa lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi béèrè ibi tí wọ́n fi mí sí.

"Ẹ̀yìn ni, Mà."

Ó gbé ìṣó tó ń wọ̀n lọ́wọ́ kalẹ̀. "Ẹ̀yìn kẹ̀?"

"Ẹ̀yìn, Mà. Dìfẹ́ńdà."

"Ta ló mú ọmọ mi lọ sẹ́yìn?"

Ẹ ní láti mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ní gbogbo oṣù tuntun, pásítọ̀ wa á ní ká gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Orí ni ẹ ó máa jẹ́, ẹ ò ní jẹ́ ìrù! Iwájú iwájú ni ẹ ó máa lọ, ẹ ò ní rẹ̀yìn!" Àmín ìyá mi ló máa ń pẹ́ jù lọ kó tó parí. Lẹ́yìn gbogbo àmín yìí, kí olùkọ́ kan wá gun ọ̀kadà láti Ifọ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ní gbangba! Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó dì mí lápá mú, ó di ọ̀dọ̀ pásítọ̀.

Pásítọ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ohun tí dìfẹ́ńdà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó wo ìyá mi, ó sì wò mí, ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Olúwa, gbé ọmọ yìí kúrò lẹ́yìn, gbé e bọ́ síwájú." Ìyá mi ṣe àmín tó mi gíláàsì wíńdò. Èmi kò ṣe. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má dá wọn lóhùn.

Kò dá wọn lóhùn. Ẹ̀yìn ni mo ń gbá títí tí ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ òkèèrè fi rí mi ní pápá kan ní Èkó, ẹ̀yìn náà sì ni wọ́n rà mí sí. Orílẹ̀-èdè Finland ni wọ́n mú mi lọ, ní ìlú kékeré kan tí adágún omi àti igbó yí ká. Ìlú náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ẹnì kan ló kú.

Kóòṣì wa níbẹ̀ jẹ́ bàbá onírun funfun. Bí wọ́n ṣe mú mi dé iwájú rẹ̀, ara mi kò tíì mọ̀ pé a ti kúrò ní Ibafo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko. Bàbá náà lọgun. Dókítà ẹgbẹ́ sáré dé pẹ̀lú báàgì, ó di orúnkún mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń béèrè ibi tó ti ń dùn mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé kíkí ni mò ń kí bàbá. Wọ́n wo ara wọn. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó dùn mọ́ bàbá náà nínú, nítorí láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá pẹ́ dé pápá, á nàka sí mi, á sọ fún onítọ̀hún pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí kóòṣì.

Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ló fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dìfẹ́ńdà gbọ́dọ̀ máa pariwo. Òun ló ń sọ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀ pé kí wọ́n sún, kí wọ́n padà, kí wọ́n mú ẹni báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jù mí lọ. Aṣọ́lé wa, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, dàgbà tó ẹni tí ǹ bá máa gbé báàgì rẹ̀ ká ní ilé ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ohùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, tí kò bá ní ni yín lára." Kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, bọ́ọ̀lù ti kọjá.

Aṣọ́lé náà pè mí jókòó. Ó ní, "Níbí, tí o kò bá jágbe mọ́ mi, mo máa rò pé o fẹ́ kí wọ́n gbá a wọlé lé mi lórí ni."

Mo ronú sí i. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá. Mi ò lè fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n Yorùbá wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ní ìdíje tó tẹ̀lé e, mo la ẹnu: "Padà! Padà jàre! Kí lò ń wò? Mú un! Ìyẹn ńkọ́, òpònú!" Ẹnu ya gbogbo wọn. Kóòṣì pàtẹ́wọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn òyìnbó mẹ́ta tí a jọ wà lẹ́yìn ti mọ "padà" àti "jáde" bí ẹni mọ orúkọ ìyá wọn. Ọ̀kan nínú wọn mọ "òpònú" náà, ó rò pé ó túmọ̀ sí "ọ̀rẹ́ mi," mi ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe ń dára fún mi ni ìyá mi ń kọminú. Tí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, á pè mí.

"Ṣé o gbá a wọlé?"

"Rárá, Mà. Ṣùgbọ́n wọn ò gbá ìkankan wọlé wa."

"Èmi ò béèrè tiwọn. Tìrẹ ni mò ń béèrè."

Á wá gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, kí n má fún ẹnikẹ́ni, kí n máa gbé e lọ. Ó ní àwọn òyìnbó yẹn ń lò mí ni, wọ́n fi mí ṣọ́ ẹ̀yìn kí àwọn ọmọ tiwọn lè rí gòólù gbá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Ifọ̀, Àlàájì tó dá mi láṣọ ilé-ìwé, máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán mi níṣẹ́ lórí fóònù pé, "Ọmọ mi, bó jẹ́ ọ̀kan péré. Kí ẹnu wa lè gbà á sọ."

Ọ̀kan péré náà dé.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. A ń gbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti ìlú tó múlé gbè wá, kò sì sí ẹni tó tíì gbá ìkankan wọlé. Wọ́n gba kọ́nà. Bọ́ọ̀lù gbéra, afẹ́fẹ́ inú adágún gbé e díẹ̀ sí i, aṣọ́lé wa kígbe ohun kan tí n kò gbọ́ dáadáa, èmi náà sì ti fò. Mo fi orí kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mi ò tíì fi orí kan bọ́ọ̀lù tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ó lọ tààrà, ó lọ gbọnrangandan, ó wọ igun òkè níbi tí ọwọ́ aṣọ́lé kankan kì í dé. Ká ní àwọ̀n àwọn ọ̀tá ni, wọn ì bá máa fi hàn lórí tẹlifíṣàn títí di òní. Àwọ̀n tiwa ni.

Ká ní Ibafo ni, ǹ bá ti mọ ohun tí n ó ṣe: ǹ bá sáré. Níbẹ̀, ènìyàn kan kò bú mi. Àwọn èrò wa rọra pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyẹn gan-an ló pa mí lára. Gòólù yẹn náà ni wọ́n fi na wá. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, aṣọ́lé gbé kọfí fún mi, ó jókòó tì mí, ó wá ní, "Ó dára gan-an, ṣá." Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí ló sọ.

Mo tan fóònù mi. Mo rò pé èébú ni n ó bá níbẹ̀.

Oríire ni mo bá. Gbogbo Ibafo ló ń kí mi kú oríire. Àwọn tí a jọ lọ ilé-ìwé, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kùn nítòsí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n orin ló kún inú rẹ̀, àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń janlẹ̀. Mo pè é.

"Ọmọ mi!" ló ké. "O gbá a wọlé! Ojú ti ọ̀tá!"

"Mà, ẹ gbọ́ mi ná. Ilé wa ni mo gbá a wọ̀."

"Àmín! Ilé wa ló wọ̀! Kò sì ní jáde kúrò níbẹ̀ mọ́!"

Mo gbọ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀: "Àmín o!"

"Mà, ohun tí mò ń sọ ni pé ilé àwa fúnra wa…"

"Àwa fúnra wa ni! Kì í ṣe ilé ẹlòmíràn! Ayọ̀ wa kò ní di ti ẹlòmíràn!"

"Àmín o!"

Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá irú àmín bẹ́ẹ̀ jà? Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà." Kò pẹ́ tí Àlàájì náà fi pè láti Ifọ̀. Ó ní, "Wọ́n tún kọ orúkọ ìpínlẹ̀ wa tì í! Àwọn òyìnbó mọ ibi tí o ti wá!" Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo kàn ṣe àmín fún òun náà.

Nígbà tó yá ni mo tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọkùnrin kan ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Òun ló máa ń fi fóònù wo àbájáde ìdíje wa fún un. Lọ́jọ́ náà, ó wò ó, ó sì fẹ́ ti fóònù bọ àpò. Ìyá mi já fóònù gbà. Ó rí orúkọ mi, ó rí àwòrán bọ́ọ̀lù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rí lẹ́tà méjì: OG.

"Kí ni OG?"

Onílé ìwòran ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì ló bá a dáhùn. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, Mà? OG, Ògùn. Bí wọ́n ṣe ń gé ìpínlẹ̀ wa kúrú nìyẹn." Kí onílé ìwòran tó la ẹnu, ìyá mi ti wà ní àárín títì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó se ìrẹsì Ọ̀fàdà fún gbogbo ìjọ, ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé orí pẹpẹ. Ní Ifọ̀, Àlàájì kó àwọn àáfà jọ, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n gbàdúrà kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i. Tí mo bá rántí pé ẹ̀sìn méjèèjì ló kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún gòólù tí mo fi na ẹgbẹ́ tèmi, tí àwọn àáfà sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí n tún gbá òmíràn, ara mi á bù máṣọ. Ní gbogbo ìyókù ọdún yẹn, tí kọ́nà bá ti ń bọ̀, mo máa ń rántí àdúrà wọn.

Nígbà tí òjò dídì dé Finland tí wọ́n fún wa ní ìsinmi, mo wálé. Ọyẹ́ ti mú Ibafo, eruku pupa bo gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n eruku kankan kò sí lórí pátákó tuntun tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Wọ́n ya bọ́ọ̀lù ńlá sí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: OG SÌMẸ́ŃTÌ ÀTI PÁÀNÙ.

Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti àpótí mi. Onílé ìwòran yọ sí mi láti ẹ̀gbẹ́, ó fà mí sẹ́yìn ògiri.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Àwa tí à ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ bá Màmá?"

Mo wo ìyá mi bó ṣe ń bọ̀ wá dì mọ́ mi, tó ń ké sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá wo ẹni tí pátákó ń sọ. Mo ní, "Kì í ṣe èmi ni n ó sọ fún wọn o."

Àwọn ọ̀dọ́ ṣètò ìdíje kan láti fi kí mi káàbọ̀, Ibafo pẹ̀lú Ifọ̀, lórí pápá ilé-ìwé kan. Èmi náà wọ bàtà, mo gba ẹ̀yìn fún Ibafo. Ìyá mi jókòó níwájú gbogbo ènìyàn lábẹ́ agbòòrùn, pásítọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, Àlàájì wà lọ́wọ́ òsì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá mi máa wo bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kó wá.

A ti gbá a díẹ̀ nígbà tí ẹni wa kan gbá bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́. Dìfẹ́ńdà Ifọ̀ kan, gìrìpá ọkùnrin, fò, ó fi orí kàn án, ó sì wọ àwọ̀n tiwọn gbòò. Àwọn ará Ibafo bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ìyá mi dìde. "Gòólù! Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀!" Ó wo ọkùnrin náà. "Kí ló wá ń sunkún sí?"

Bọ́ọ̀lù ti wọ pásítọ̀ lára, kò rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ilé ara wọn ló gbá a wọ̀, Mà. Own goal, ohun tí wọ́n ń pè ní OG nìyẹn."

Láti ibi tí mo dúró sí létí pápá, mo ń gbọ́ wọn, mo sì rí i tí ẹnu pásítọ̀ yà tí kò padé. Àlàájì fara síwájú. "OG kẹ̀? Ṣebí Ògùn ni?"

"Àlàájì," ni pásítọ̀ wí, "ẹ jẹ́ ká máa wo bọ́ọ̀lù."

Ìyá mi jókòó padà jẹ́jẹ́. Títí tí ìdíje náà fi parí, kò pariwo mọ́. Èmi nìkan ló ń wò. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rí, ẹsẹ̀ mi kò wúwo tó ti ọjọ́ yẹn.

Nílé, ó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú abọ́, kò wojú mi. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ṣé ilé wa ni?"

"Ilé wa ni, Mà."

"O sì sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín, Mà."

"Mo sì ṣe àmín."

"Ẹ ṣe é, Mà. Ẹ̀yin àti gbogbo wọn."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo dìde. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ògiri mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. "Àwọn àáfà Ifọ̀," ló ń sọ, "àwọn àáfà ní kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i!" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín tí epo fi fẹ́ jóná lórí iná.

Mo béèrè bóyá kí n bá a wá ẹni tó máa tún pátákó kọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

"Kí ni o fẹ́ tún kọ? A ti dúpẹ́, Ọlọ́run sì ti gbà á. Ta ló ń gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Ó bù dòdò fún mi. Ó jókòó sí iwájú mi, ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo ń wò ọ́ lónìí. Ọmọ Ifọ̀ gíga tó ń gbá iwájú yẹn, tó ń sáré bọ̀ ṣáá. O kò lù ú, o kò tì í. O kàn ń bá a rìn títí o fi mú un dé ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń sin àlejò jáde. Ṣé ohun tí o ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn?"

"Òun ni, Mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ, Mà."

"O kò sọ ọ́ dáadáa." Ó bu dòdò kan sẹ́nu. "Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni. Wọn ì bá tètè pè é bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, tí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, ìbéèrè rẹ̀ yí padà. Á ní, "Ṣé olè wọlé?" Tí mo bá ní rárá, á dúpẹ́. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á fẹ́ mọ ibi tí ó gbà wọlé àti ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní ilé ìwòran. Onílé ìwòran sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ kò lè yin ẹni tó gbá gòólù mọ́ lójú rẹ̀. Á ní kí wọ́n dá ẹnu dúró, kí wọ́n sọ fún òun, ta ló gba bọ́ọ̀lù yẹn láti ẹ̀yìn?

Mo kúrò ní Finland lọ sí orílẹ̀-èdè míì, mo tún kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn, kò sí èyí tí mo ti di gbajúmọ̀, kò sì sí èyí tí wọn kò ti fẹ́ kí n dúró sí i. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ rẹ̀. Dókítà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, mo sì kó ẹrù mi wálé. Mo kọ́lé sí Mowe. Sìmẹ́ńtì, ìṣó, páànù, ẹ mọ ibi tí mo ti rà wọ́n. Kò dín owó kankan fún mi.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ṣòro. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ọjọ́ Sátidé ṣe. Mo máa ń jí, ara mi á ti múra fún ìdíje, kò ní sí ìdíje kankan, n ó wá máa rìn káàkiri ilé bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ìyá mi wá wò mí lọ́jọ́ kan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lára ìdí aṣọ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Máa bá mi jókòó níbẹ̀ ní Sátidé. Mo ní ibi tí mò ń lọ."

Èmi ni mò ń ta ìṣó ní Sátidé báyìí. Mi ò mọ̀ ọ́n tà. Mo máa ń wọ̀n ọ́n jù, àwọn oníbàárà sì mọ̀, Sátidé ni wọ́n máa ń yà wá. Láti ibi tí mo jókòó sí lẹ́yìn káńtà, mo ń gbọ́ ariwo ilé ìwòran, mo sì ń gbọ́ ohùn kan tó ga ju gbogbo wọn lọ. Ní Sátidé tó kọjá, mò ń wọ̀n ìṣó fún bírikìlà kan nígbà tí ìdíje parí tí ìyá mi wọlé, ohùn ti há mọ́ ọn lọ́fun, gèlè ti wà lọ́rùn. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo fún un lómi.

"Ṣé ẹgbẹ́ tiyín jáwé olúborí, Mà?"

Ó fọwọ́ dá mi dúró, ó mu omi tán. "Jáwé olúborí kọ́. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó ń sùn. Mo pè é, mo pè é, kò dáhùn."

"Inú tẹlifíṣàn ló wà, Mà."

"Mo mọ ibi tó wà," ló ní, ó sì ní kí n kó ìṣó tí mo ń wọ̀n fún bírikìlà yẹn padà sórí ìwọ̀n, pé ó ti pọ̀ jù.